Èènì Tí Mo Fún Oníbàárà Ló Ti Ṣọ́ọ̀bù Àṣàkẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, baálé wa. Ẹ kú àbójútó agbo ilé. Mo kí ìyàwó yín àgbà, mo kí ìyàwó kékeré, mo kí àwọn ọmọ tó ń tọ́jú yín ní Ẹ̀jìgbò. Èmi àbúrò yín obìnrin ní Àbíjàn ni mò ń sọ̀rọ̀, tíṣà aládùúgbò mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tún ibì kan ṣe kó lè dùn ún kà. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè níwájú gbogbo ẹbí, torí níwájú gbogbo ẹbí lẹ ti sọ tiyín.

Òjò ò dá níbí. Omi wọlé ní Anoumabo, àdúgbò wa níbí, a gbé bẹ́ẹ̀dì lé bíríkì. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ mo ń rìn. Ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù ẹbí pé Àṣàkẹ́, ọmọ tí Gàníyù ọmọ mi bí kó tó kú, kò gbọdọ̀ wá sílé nígbà Iléyá. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé igbó ló ń tà, pé ìjọba ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pé onígbó kò ní sùn nínú ilé tí bàbá wa kọ́. Ọmọ náà ò dé Ẹ̀jìgbò rí. Ibojì bàbá rẹ̀ ló fẹ́ rí. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí nígbà tí ohùn yín ń jáde. Yorùbá tí kò lè sọ já gaara, kò sí èyí tí kò yé e níbẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bá mi ṣa ẹ̀wà.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ti ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ohun tí ọmọ yẹn ń tà, òróró ìpara ni àti ọṣẹ. Inú irúgbìn ẹ̀yà igbó kan ni wọ́n ti fún un jáde. Kì í pa èèyàn bí ọtí, ẹnì kankan kì í fà á. Èmi náà kọ́kọ́ bú u nígbà tó gbé e wá. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ìyá onígbó ni. Ó fi pa orúnkún mi, mo na ìkejì sí i.

Torí orúkọ igbó tó wà lára rẹ̀, ìjọba ò jẹ́ kí ẹni tó bá wù ú tà á. Èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Àṣàkẹ́ sáré ìwé náà títí bàtà rẹ̀ fi jẹ. Wọ́n wá wo ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wo ibi tó ń kó ọjà sí, wọ́n gbé òróró lọ yẹ̀ wò. Wọ́n pè é lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Bingerville. Wọ́n ní ìgò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí a kò tíì já, àti bébà tó ń sọ ibi tó ti wá. Ẹnì kankan kò gbọdọ̀ ṣí i, kò gbọdọ̀ bù ú fúnni, kò gbọdọ̀ tà á fún ọmọdé. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo ní mo ti gbọ́. Nínú mi, mò ń sọ pé ọmọ tí mo fi owó tòmátì tọ́ bàbá rẹ̀ ló ń kọ́ mi ní ọjà títà.

Ó lọ gba ọjà lọ́jọ́ kan, ó ní kí n jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, kí n sọ fún ẹni tó bá dé pé kó dúró de òun. Obìnrin kan wọlé. N kò ní kó dúró. Mo ta ìgò kan fún un, ó sanwó, kò béèrè nǹkan kan. Ẹ mọ̀ mí. Ẹnì kankan ò ra ọjà lọ́wọ́ mi rí kó lọ láìgba èènì. Mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, mo já ìgò mìíràn, mo da díẹ̀ sínú ike oògùn ikọ́ tó ṣófo, mo fún un, mo súre fún un.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó fa káàdì rẹ̀ yọ, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wọlé, wọ́n lọ gbé ìgò tí mo já jáde. Wọ́n bi mí ní Faransé pé ta ló ṣí ìgò yìí.

Ibí yìí ni ojú ti ń tì mí jù. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, a máa ń kọ́ ara wa pé bí aláṣọ ìjọba bá ń bi ọ́ léèrè, kí o di òpè. Mo di òpè. Èmi tí mo ti ń fi Faransé ná ọjà kí wọ́n tó bí àwọn tó ń bi mí, mò ń mi orí bí ewúrẹ́, mò ń sọ pé n kò gbọ́. Obìnrin Jùlá kan, ọmọ ilẹ̀ ibí, tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí mo ti fi Faransé bú láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí ìdọ̀tí, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹ gbà wá o, àrùn wo ló mú ahọ́n Màmá láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Àṣàkẹ́ dé bá wa bẹ́ẹ̀. Ó wo ìgò, ó wò mí. Ó ní òun lòun ṣí i. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, mo sì dákẹ́. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ. Ó sìn mí délé, ó fi agbòjò bò mí, òjò ń pa òun. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ohùn yín ló wá lé mi jáde. Mo wọ tákísí lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní Faransé lójú àwọn tó tò síbẹ̀. Obìnrin tó mú wa ní háà, Màmá, Faransé yín ti padà dé? Mo ní ó ti dé. Wọ́n ní ẹ̀bi ṣì wà lọ́rùn Àṣàkẹ́, torí orúkọ rẹ̀ ló wà nínú àṣẹ, kò sì yẹ kó fi ẹni tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ọjà. Ṣùgbọ́n wọ́n dá ìwé náà padà, wọ́n ní kó san ìtanràn. Owó ọkọ̀ Ẹ̀jìgbò ló fi san án. Mo ti ta àwọn aṣọ òkè mi, mo ti dá owó náà padà fún un.

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Kò lé mi, èmi ni mo lé ara mi. Mo jókòó sílé, mò ń gbọ́ òjò lórí páànù. Àwọn tí a jọ dé, òmíràn ti kú, òmíràn ti padà sílé. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo yín.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ síbi tí ẹ fi ti àkọ́kọ́ sí, kí gbogbo ẹbí gbọ́ pé ọmọ náà kì í ṣe onígbó. Ó gba àṣẹ kó tó tà, ó sì gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwa tí a tọ́ ọ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ojú tí yóò máa ríran. Kí ó má jẹ́ kí ẹ sin ọmọ bí mo ti sin tèmi. Ẹ bá mi kí àwọn ará ìsàlẹ̀, ẹ kí gbogbo ọmọ ilé lọ́kùnrin lóbìnrin.

Àṣàkẹ́ á wọ ọkọ̀ kí Iléyá tó dé. Yàrá tí bàbá wa yà sọ́tọ̀ fún mi, tí mo ní mo máa wá fi ọjọ́ ogbó mi gbé, ẹ ṣí i, ẹ gbá a, ẹ fún un. Bó bá di dandan kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan, èmi ni kí ẹ tì í mọ́.

Àbúrò yín tí ẹ tọ́, ọmọ yín náà ni,
Ìyá Gàníyù