Owó Orí Kọ́, Owó Irun Ni

Sí ọmọ mi ọkùnrin tó wà nígboro,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú iṣẹ́, o kú ìnáwó, o kú ìdákẹ́ pẹ̀lú, torí ìdákẹ́ náà ti di iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣé ara le? Ṣé orí ò fọ́ ọ? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orí la máa sọ lónìí, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàdúrà, kí inú tó ń bí mi má lọ gba iwájú àdúrà kọjá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí ìjàǹbá ọkọ̀. Ilẹ̀kùn onígíláàsì tó ń dá ṣí tó ń dá tì níbi iṣẹ́ yín ò ní há ọ mọ́ àárín. Ọ̀gá rẹ ò ní jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ò fẹ́ rí ojú rẹ mọ́. Gbogbo ohun tó o bá gbìn á hù. Mo ti sọ ìyẹn kí n tó rántí ohun tó o fẹ́ lọ gbìn, àmọ́ wọn kì í gba àdúrà padà lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò pè ọ́, torí ọ̀dàlẹ̀ ni fóònù. Tí òótọ́ bá ti fẹ́ jáde lẹ́nu mi báyìí, obìnrin kan tó ń gbé inú rẹ̀ á bọ́ sí i, á ní owó mi ti tán. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bú u, ohùn kan náà ló ń fi dá mi lóhùn, kì í tiẹ̀ bínú, èèyàn wo ni wọ́n ń bú tí kì í bínú? Ìwọ náà sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ mi lẹ́nu, o rò pé mi ò mọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò lè pa bébà mọ́ mi lẹ́nu. Bébà tí wọ́n fi ń di ìṣó fún bàbá rẹ ni mo fi kọ́ ara mi níwèé, ó tó mi bá ọmọ mi wí. Tí àmì bá já bọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, bá mi gbé e síbi tó yẹ, ṣebí ọ̀mọ̀wé ni ọ́.

Ilé wà dáadáa. Ẹ̀rọ ata mi ń ṣiṣẹ́, mo pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀, ó wá ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ariwo yẹn gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀ láàrin èmi àti ìwọ. Ṣé o rántí ọjọ́ tó o pè mí tí mò ń lọ ata lọ́wọ́? O ní màámi, ẹ má bínú, mi ò ní lè fi nǹkan kan ránṣẹ́ lóṣù yìí, owó orí ni mò ń kó jọ. O sọ nǹkan míì tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ gbé e mì. Àmọ́ kí ni mo tún fẹ́ gbọ́? Ọmọ ọkùnrin tó ti ń lé ní ọdún márùndínlógójì tó ní owó orí lòun ń kó jọ, ṣé owó orí adìẹ ni? Mo pa ẹ̀rọ. Mo jó yí i ká. Àwọn oníbàárà ní kí ló dé, mo ní ọmọ mi fẹ́ gbéyàwó, mo sì lọ ata ẹni mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ló fẹ́ ba adùn jẹ́. Ó ní owó orí kan wà nígboro tó jẹ́ ti ìjọba, owó tí wọ́n ń gbà lórí iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe, ó ní ó dà bíi pé o ti jẹ gbèsè rẹ̀, kí n yáa wá owó kí wọ́n tó wá gbé ọ. Ọkọ ló jẹ́ sí mi nínú ilé yìí, mo fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kò mọ ẹ̀yin. Mo ní ìjọba wo ló máa ní sùúrù kí ọmọ mi máa kó owó jọ díẹ̀díẹ̀? Mo ní owó orí ìyàwó ni, ẹni tí kò bá fẹ́ bá wa yọ̀ kó lọ sùn.

Ẹni tó ń retí ìyàwó kì í jókòó lásán. Yàrá kan ṣoṣo tí ẹnì kankan ò gbé nílé wa ni ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ, èyí tó kọjú sí títì. Láti ìgbà tó ti kú, mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé ìṣó kan kúrò níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó gbogbo rẹ̀ jáde fúnra mi, ayùn, òòlù, àwọn pákó tó gé tí kò lò, mo gbá lẹ́búlẹ́bú igi tó ti wọ inú sìmẹ́ǹtì. Tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ò gba ẹnu ọ̀nà, èmi àti péńtà la fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ó wà lábẹ́ òrùlé níta báyìí, òjò sì ń ta sí i lára. Mo ní kí péńtà kun búlúù tó mọ́lẹ̀, èyí tí ojú ìyàwó tuntun á fẹ́ràn. Ó kùn ún dé ibì kan tó dúdú roboto lára ògiri, ó ní màmá, ojú ibí yìí ò gba ọ̀dà o, ó ti mu òróró yó. Ó kùn ún, ó yọ padà. Ó tún kùn ún, ó tún yọ, bí ojú ẹni tó fẹ́ wo nǹkan. Mo ní ṣé ara ògiri mi lo fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ ni? Mo ní kó lọ wá ọ̀dà tó lágbára, kó yéé fi omi aláwọ̀ tàn mí jẹ. Inú bí i, ó lọ mú ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun géètì wá, ó fi bò ó. Kò yọ mọ́. Fi ọ̀rọ̀ ògiri yẹn síbì kan, mò ń padà bọ̀ wá bá a.

Ọ̀dà gbẹ, mo pè ọ́. Mo ní kí lorúkọ ìyàwó mi, ṣé kò ní bínú sí ariwo ẹ̀rọ? O bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ tó fi kú sí ọ lẹ́nu. O ní màámi, ìyàwó kẹ̀? Orí mi tí mo gbé sọ́rùn gan-an ni mò ń sọ, ó ti pá tán, ó ku ẹ̀gbẹ́ etí àti ìpàkọ́, irun ni mo fẹ́ lọ gbìn sí i lọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo ní irun? Irun tí àgùntàn ní lọ́fẹ̀ẹ́?

O wá fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ pé kí n wo iṣẹ́ ọwọ́ dókítà náà. Bàbá Kékeré ló bá mi ṣí i. Ọkùnrin kan wà ní àkọ́kọ́, orí rẹ̀ ń dán bí igbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ọkùnrin kejì jọ ọ́ bí ìmumu, àmọ́ irun kún orí tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó yé àwa méjèèjì: ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, wọ́n gba irun ẹ̀gbọ́n fún àbúrò, ìdí nìyẹn tí inú ẹ̀gbọ́n ò fi dùn. Mo yíjú sí Bàbá Kékeré. Irun orí rẹ̀ yẹn, bó ṣe dàgbà tó, ó rí bí oko tí wọn ò ro, kí ló fi ṣe rí? Kò fi ríṣẹ́, kò fi gbayì. Mo ní ẹ̀gbọ́n yín ti lọ, irun ni ọmọ rẹ̀ ń wá, ẹ fá díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò lò ó. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di orí mú, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Láti ọjọ́ náà kò gba ẹ̀bá ẹ̀rọ mi kọjá mọ́.

Ìgbà tó o tún pè lo wá ṣàlàyé pé ẹnì kan náà ló wà nínú fọ́tò méjèèjì, pé ìpàkọ́ ara rẹ ni wọ́n ti máa tu irun, wọ́n á lọ gbìn ín síwájú. Mo jókòó. Èyí ni pé kéèyàn ṣí páànù yàrá ẹ̀yìn kó fi bo pálọ̀. Àlejò á yìn ọ́ ní pálọ̀, tí òjò bá dé, níbo lo máa sùn? O ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tu ú, bíi kéèyàn máa ṣa òkúta nínú ìrẹsì, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kí ni dókítà yẹn ṣe tí wọ́n fi fìyà yẹn jẹ ẹ́? O tún ní bí owó ò bá pé, báńkì á yá ọ. Báńkì á yá ọ lówó lórí orí? Tó ò bá rí i san ńkọ́, ṣé wọ́n á rán èèyàn wá fa irun wọn tu ni? Bèèrè dáadáa kó o tó fọwọ́ sí i o. Àwọn àgbà ní apárí fojú di abẹ. Ìwọ ti bọ́ lọ́wọ́ abẹ, o wá fẹ́ fowó ra ọ̀nà padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo ti fẹ́ bú ọ dé ibi tó yẹ kí n tó rántí ohun tó o sọ kẹ́yìn. O ní níbi káńtà tó o jókòó sí, àwọn tó ti ní ọmọ-ọmọ ló ń pè ọ́ ní bàbá. O ní ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dìde fún ọ nínú ọkọ̀, ó ní ẹ jókòó sà. O ní ọmọge tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ rí fọ́tò rẹ ti ìgbà ilé ìwé, ó ní àbúrò yín yìí mà dára o, níbo ló wà. Kò padà wá mọ́. Ọmọ yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n pàdé rẹ̀ níbi tí òòlù wà nítòsí. Mi ò fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ọwọ́ tó kún fún ata ni mo fi nu ojú, ojú sì wá ta mí lóòótọ́. Mo wá mọ ìdí tó ò fi wálé láti ọdún mẹ́ta. Mo mọ ìdí tó fi jẹ́ pé tó o bá fi fóònù olójú yẹn pè mí, fìlà ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ ló kọ́ ọ, kó máa gbọ́ níbi tó wà. Orí tirẹ̀ náà ti pá kó tó fẹ́ mi, kò sì sẹ́ni tó rí i rí. Káfíńtà Onífìlà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó dé fìlà lágbo iṣẹ́, ó dé e ya fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ńlá tó wà ní pálọ̀ yẹn, fìlà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀sán nìkan ló máa ń ṣí i. Tí títì bá ti dá, á gbé fìlà sórí orúnkún, á jókòó sórí àpótí, á fi orí ti ògiri, á dijú. Òróró tí mo fi ń pa orí yẹn láràárọ̀, ògiri ló ń gbà á. Èmi àti ògiri yẹn nìkan la mọ orí bàbá rẹ láyé.

Ṣé ó ti wá yé ọ, ohun tí péńtà fi ọ̀dà bò? Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ìdùnnú ìyàwó ò jẹ́ kí n wò ó. Ọjọ́ tó o sọ òótọ́ fún mi ni mo wọnú yàrá yẹn lọ, mo jókòó, gbogbo rẹ̀ búlúù, ó ń rùn bíi géètì. Mo fi èékánná họ ibẹ̀, kò ṣí. Mo fi kẹrosín-ìn nù ún, ọwọ́ mi ló bó. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ wò ó, bóyá á tún yọ bó ṣe ń yọ nígbà tí mi ò fẹ́ kó yọ. Kò yọ. Péńtà tí mo bú yẹn ti mọ iṣẹ́ jù. Ó dùn mí dé egungun. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọdún ayé rẹ̀ ya fọ́tò kan ṣoṣo láìdé fìlà, mo san owó kí wọ́n bá mi pa á rẹ́, nítorí ìyàwó tí kò sí.

Mi ò ní kó o má lọ gbin irun. Orí rẹ ni, ìwọ lò ń gbé e kiri, tó o bá fẹ́ kó o gbin àgbàdo sí i. Àmọ́ yọ owó ọkọ̀ nínú owó orí yẹn, kó o wálé kó o tó lọ bá dókítà. Tún yọ owó ọ̀dà, péńtà ṣì ń wá tirẹ̀ wá, àti owó bẹ́líìtì, àti ti ata ẹni mẹ́ta yẹn, ọrùn rẹ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àpótí bàbá rẹ ò kúrò nílé, mo ti gbé e padà síbi tó máa ń wà. Wá jókòó sórí rẹ̀ lọ́sàn-án, kó o ṣí fìlà, kó o fi orí ti ògiri, kí n pa òróró sí i lẹ́ẹ̀kan péré, kí n wò ó dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́, máa lọ gbìn ín.

Bàbá Kékeré ní kí n kí ọ. Ojú fèrèsé ló ti sọ ọ́, kò tíì fẹ́ sún mọ́ mi.

Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ orí yẹn. Kò ní fọ́ ọ, kò ní dàrú mọ́ ọ lọ́rùn, kò sì ní tì ọ́ lójú mọ́, irun wà níbẹ̀ o, irun ò sí níbẹ̀ o. Rọra gbé e wá. Olówó orí mi ni mò ń pe bàbá rẹ títí tó fi kú. Orí kan ṣoṣo tó kù láyé tí mo lè fi rí tirẹ̀, ọrùn rẹ ló wà.

Èmi ni,
màmá rẹ, tó ń retí rẹ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.