Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Ẹyin

Asiyah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà n'Íbàdàn, ṣé iṣẹ́ tíṣà ń lọ déédéé? Ọlọ́hun kò níí jẹ́ kí o ṣìnà nílùú onílùú. Gbogbo wa ní Ìrẹsà ń bẹ láàyè, àfi pé ewúrẹ́ ìyá rẹ jẹ etí kan lára fìlà abetíajá oníbàárà mi.

Nípa Bushrah ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa, o ní bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tún wú, o máa wá mú un lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Gbogbo àlàyé tí o ṣe lórí fóònù ni mo fi sọ́kàn, pé purotéènì inú ẹyin ni ara rẹ̀ ń fẹ́, pé òṣìṣẹ́ inú ara ni wọ́n, àwọn kan ń mọlé, àwọn kan ń ru ẹrù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn kan ń ṣọ́nà. O ní bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín ni wọ́n rí kí wọ́n tó ká, pé bí wọ́n bá ṣe ká ni iṣẹ́ wọn ṣe rí. Èyí yé mi, aránfìlà ni mí, aṣọ kan náà ló ń di gọ̀bì tó ń di abetíajá.

Ṣùgbọ́n o tún ní iná máa ń ba kíká wọn jẹ́. Mo wá rò ó pé òṣìṣẹ́ tí a ti bọ̀ nínú omi gbígbóná, iṣẹ́ wo ló tún fẹ́ ṣe? Mo fún ọmọ ní ẹyin tútù, ó bì í sórí fìlà tuntun. Nọ́ọ̀sì Dorcas ló ní kí n máa sè é, pé ikùn á kúkú já okùn wọn, ara ọmọ á wá fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sín òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Bí mo ṣe ń tú ògbólógbòó agbádá rán fìlà náà nìyẹn.

O mọ̀ pé a kì í fún ọmọdé lẹ́yin kó má baà jalè. Nítorí kí o má mú un lọ ni mo ṣe ń fún un. Asiyah, àwọn àgbà kò purọ́. Lánàá ni mo ká a mọ́ ìtẹ́ adìyẹ Bámgbóṣé aládùúgbò wa, ẹyin lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹyin lọ́wọ́ òsì. Mo lé e, n kò bá a. Ẹsẹ̀ tó wú níjọ́sí ló fi sáré yí ilé po, mo jókòó sílẹ̀ mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Jọ̀wọ́, má tíì wá mú un. Fi owó adìyẹ ránṣẹ́, kó lè máa jí tiwa. Ra àgádágodo fún ilé adìyẹ náà, ṣùgbọ́n irú èyí tí ọmọdé lè ṣí ni kó o rà.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yá ju tèmi lọ.

Èmi bàbá rẹ,
Kareem Aránfìlà