Ta Ló Máa Sáré Padà Pẹ̀lú Bísí?

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Wọ́n tún nà wá. Ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni o. Kò sẹ́ni tó ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tó wa, síbẹ̀ ẹni tó bá wù ú ló ń gba àárín wa kọjá lọ ju tiẹ̀.

Bísí nìkan nínú wa ló ń dí wọn lọ́nà. Lónìí, ó bọ́ jẹ́sì lé kóòṣì wa lọ́wọ́, ó ní òun ò ṣe mọ́.

Kóòṣì wojú mi. "Káptẹ̀nì, lọ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mo bá a nílé wọn ní Ìkòsí, ó gbé yìnyín lé orúnkún. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo jù lọ́jọ́ orí.

"Tẹ́ ẹ bá ti ju bọ́ọ̀lù wọlé, ẹ ó dúró máa yọ̀. Ta ló máa sáré padà pẹ̀lú mi lọ dí wọn?"

"Èmi ni."

Ó dìde, ó ń tiro, ó gbé bọ́ọ̀lù. "Ó yá, dí mi lọ́nà."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó tún kọjá, tòun ti orúnkún tó wú.

Ọjọ́rú la tún ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sọ pé òun ń bọ̀. Ọlọ́run mi, ta ni mo wá lè dí lọ́nà?