Òwìwí Orí Àtíbàbà Gàrí

Mọ́ńdè, 2 Júùnù 2025

Wọ́n ti sọ ọ́ lókò. Òwìwí ni. Ọ̀sán gangan! Mo ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà, mo gbójú sókè báyìí, òun rèé lórí igi àtíbàbà, ó ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ mí. Mo pariwo. Ẹnu mi yìí! Jìnnìjìnnì bò mí, apá òsì mi gbá etí agbada, ó bó. Mi ò rí ti iná rò. Ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ gbé — Iṣẹ́olúwa, oṣù márùn-ún péré, orí ẹní ló wà.

Akínbọ̀wálé, àbúrò ọkọ mi, ló sáré dé. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, "ẹ" ni mò ń fún un. Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹ̀. Sọ́jà ni mò ń pè é. Òkò kan péré ló sọ — ìyẹ́ apá òsì ẹyẹ kán, ẹyẹ ń wọ́ ọ lọ sínú igbó ẹ̀yìn ilé.

Túsìdeè, 3

Ara ọmọ gbóná. Nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ ní ká máa kọ irú ẹ̀ sílẹ̀, ìdí tí mo fi ní ìwé yìí nìyẹn. Mo fi omi nù ún lára, mo fún un lọ́mú, ó sùn.

Gbogbo ilé ti di olùtumọ̀ ẹyẹ. Màmá ọkọ mi ní òwìwí kì í jáde lọ́sàn-án àfi tí wọ́n bá rán an. Sọ́jà ní ikú ló ń ké bọ̀ — ẹyẹ tí ò ké rárá! Ìyá Nàfíù, tí ilé wọn fara kan tiwa, ló pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Eku tó ń jẹ àgbàdo yín ló wá pa jẹ. Ṣe ló yẹ kẹ́ ẹ dúpẹ́, òkò lẹ sọ lù ú." Èmi náà bẹ̀rù o, mi ò ní purọ́. Mo ka Sáàmù. Ṣùgbọ́n tí Ọlọ́run bá ní nǹkan tó fẹ́ sọ fún mi, ṣé kò rí ẹlẹ́nu rán ni?

Wẹ́sìdeè, 4

Màmá rí apá mi níbi tí mo ti ń wẹ ọmọ. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi.

Tọ́sìdeè, 5

Ọ̀rọ̀ náà ti bú jáde. Màmá ní ẹni tó bá ni ẹyẹ, ibi tó bá ti dun ẹyẹ ló ti máa dun òun náà. Apá òsì, apá òsì! Mo ní etí agbada ló jó mi. Wọ́n ní ta ló rí mi. Ta ló rí mi! Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń yan gàrí ilé yìí, ojú iná kún apá mi méjèèjì, ta ló bi mí léèrè rí? Sọ́jà jókòó sórí odó, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, ṣé o ò ní fò fún wa ká rí i?" Ọkọ mi, Alfred, wà ní Kútọnu níbi tó ti ń lẹ táìlì. Mo pè é. Ó ní kí n má gbó ìyá òun lẹ́nu.

Fúráìdeè, 6

Ẹnu mi ló pa mí.

Láti àná ni mo ti ń gbọ́ ohùn tíntín lókè àjà yàrá àgbàdo. Láàárọ̀ mo gun àkàbà — ọmọ òwìwí méjì, funfun bí òwú, ebi ti fẹ́ pa wọ́n tán. Ó wá yé mi. Ìyá ọlọ́mọ ni! Oúnjẹ ọmọ ló ń wá kiri lọ́sàn-án. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti rí ẹ̀rí, mo sáré lọ bá Màmá: "Màmá, wọn ò rán an sí wa o, ó bímọ sókè àjà ni!"

Wọ́n dìde. "Ta ló sọ fún ẹ pé ó bímọ?"

Mo ní mo gbọ́ ohùn wọn ni. Wọ́n ní kí ló dé tí àwọn ò gbọ́? Etí Màmá ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, gbogbo ilé ló mọ̀. Ta ló máa sọ ọ́? Sọ́jà gun òkè lọ. Mi ò ní kọ ohun tó fi àwọn ọmọ ẹyẹ yẹn ṣe.

Lọ́sàn-án wọ́n mú wòlíì wá. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ọmọ má fẹnu kan ọmú mi, ibẹ̀ ni mo ń gbà fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tèmi tí mo fi bí i! Wọ́n tú ọmọ lẹ́yìn mi, wọ́n gbé e tì mọ́ yàrá Màmá. Wọ́n gba fóònù mi.

Sátidé, 7

Ọmú mi le bí òkúta. Mo fún un dà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mò ń sunkún, mò ń ṣépè.

Sọ́ńdè, 8

Wọn ò jẹ́ kí n dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá Màmá, mò ń tẹ́tí. Ògì àti omi àdúrà ni wọ́n ń fún un. Ó ń bì í. Ó ń ṣu omi. Láàárọ̀ ó ń ké gan-an. Nírọ̀lẹ́ ohùn ẹ̀ ti lọ. Mo yọjú lójú fèrèsé — àwújẹ̀ ẹ̀ ti jìn wọlé. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún wa: tí àwújẹ̀ ọmọ bá wọlé, ẹ gbé e wá lọ́gán. Mo ti ilẹ̀kùn. Sọ́jà tì mí ṣubú. Màmá ń pariwo nínú ilé pé tí ọmọ yìí bá kú, èmi ni mo jẹ ẹ́.

Èmi! Ṣé ẹyẹ ló já ọmú gbà lẹ́nu ẹ̀ ni?

Mọ́ńdè, 9

Ọjọ́ mẹ́ta ti pé. Wòlíì tún fi mẹ́rin lé e.

Ìyá Nàfíù ń lọ sí ọjà Ayétòrò. Mo máa ya gbogbo ewé ìwé tí mo kọ, kí wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi Lábísí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Nọ́ńbà yín wà nínú fóònù tí wọ́n gbà, mi ò mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ má wò ó pé mi ò kí yín. Iṣẹ́olúwa ò ké mọ́. Kò la ojú mọ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tó wà ń bẹ lọ́rùn Màmá, agbára mi ò ká Sọ́jà. Ẹ fi aṣọ tí ẹ ń rán sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ gun ọ̀kadà, ẹ mú nọ́ọ̀sì tàbí ọlọ́pàá, ẹni tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí. Tẹ́ ò bá rí ẹnì kankan, ẹ dá wá. Ẹ fọ́ ilẹ̀kùn náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jókòó kà á tán kẹ́ ẹ tó dìde. Ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀ báyìí báyìí.