Ìyá Àgbà Gbé Báàgì Sínú Ọkọ̀ Wa

Màmá Delfina mi ọ̀wọ́n,

Àṣírí tí mo fi pa mọ́ fún yín rèé: mo ti lọ́kọ! Èmi àti Brais ṣègbéyàwó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kí bàbá, mo kí àwọn ọmọ yín. Ara gbogbo wa le ní Galísíà níbí, àfi orúnkún Bàbá mi tó ń dùn ún.

A fẹ́ fi ọkọ̀ rìnrìn àjò ìgbéyàwó wa: a ó sọdá sí ilẹ̀ Pọtugí, a ó gba ẹ̀bá odò Douro, níbi tí wọ́n ti ń ká àjàrà, a ó gun òkè Estrela, a ó sùn ní Évora, ká tó dé ọ̀dọ̀ yín ní Tavira.

Bí Ìyá Àgbà ṣe gbọ́ Tavira, ó dìde, ó lọ gbé báàgì rẹ̀ sí ìjókòó iwájú. Ẹnu yà wá! Ẹ̀gbọ́n yín tó búra pé òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé yín láé, torí pé ẹ fẹ́ ará Pọtugí!

Brais ní, "Màmá, ìrìn àjò tọkọtaya tuntun ni o!"

"Ìwọ ṣáà wakọ̀. Ìyàwó rẹ á jókòó sẹ́yìn. Mo fẹ́ rí àbúrò mi kí ọ̀kan nínú wa tó kú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Kí gbogbo ọmọ yín ti pé sílé ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án tí a ó dé.

Ọmọ yín,
Iria