Ta Ló Ń Jẹ Owó Fóònù Mi?

Sí ọmọ mi obìnrin,

Ṣé ara le bí? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Àwa níbí ò ṣàìsàn, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ta epo sí. Ẹlẹ́dàá tó ń bá ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ ilé ni yóò máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún, ẹ ò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín síni tí ojú rẹ̀ wà lára àpò ẹni. Ṣe àmín náà kó dún, nítorí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

O rí i pé ìwé ni mo kọ, mi ò pè ọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ sọ, a kì í sì í jókòó sílé olè ká máa ṣàlàyé bí a ó ṣe mú olè.

Ìwọ lo mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́dún tó kọjá, o ní fóònù ńlá yìí á jẹ́ kí n máa rí ojú àwọn ọmọ rẹ, o ní kí n buwọ́ lùwé pé kí báńkì máa yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù nínú owó ìfẹ̀yìntì mi fún ọdún méjì gbáko. Mo buwọ́ lù ú. Èmi tí mo ṣe káfíńtà ilé ìwé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo mọ ohun tó ń jẹ́ àdéhùn: bí mo bá ní ilẹ̀kùn kan á gba pákó mẹ́ta, pákó mẹ́ta náà ló máa gbà. Owó pákó méjì ni wọ́n ní wọn á máa yọ. Oṣù kìíní, pákó méjì. Oṣù kejì, pákó méjì àbọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, owó pákó márùn-ún ni wọ́n ń gbà. Kí ni fóònù ń fi pákó kàn?

Onígbàjámọ̀ ojúlé kejì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Òun ló sọ fún mi pé nǹkan kan wà nínú fóònù tí wọ́n ń pè ní dátà, pé díẹ̀díẹ̀ ló ń tán, ojú kì í sì í rí i. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé tèmi ń tán. Ó ní ti gbogbo ayé ló ń tán. Ìdáhùn ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ kọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀, mo gbé fóònù kọ́ ọ, mo kọ orí rẹ̀ sókè kí dátà má baà máa jò, mo sì fi páànù dí ògiri tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ látòkè délẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n má sọ ara mi di ẹlẹ́yà. Mo ní ẹni tí wọ́n ń jà lólè kì í ro ti ẹlẹ́yà. Nígbà tí oṣù parí, owó pákó mẹ́fà ni wọ́n yọ.

Ni mo bá pe ilé iṣẹ́ wọn. Obìnrin kan gbé e, mo kí i, mo bèèrè àlàáfíà ilé, kò dá mi lóhùn, ó kàn ń sọ pé tí mo bá fẹ́ èyí kí n tẹ oókan, tí mo bá fẹ́ tọ̀hún kí n tẹ eéjì. Mo ní ọmọ ta ni ọ́ tí o ò mọ ìkíni? Ó ní kí n tẹ ẹẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn, ló bá fi orin sí i, ó sá lọ. Ẹni tí ìpè rẹ̀ ṣe pàtàkì kọ́ ni wọ́n ń fi orin tàn bí ọmọ ọwọ́.

Mo wá sọ fún ìyá rẹ pé a ó wọ mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ó ní ká fi owó náà sílẹ̀, pé pákó mẹ́fà kì í ṣe bàbàrà. Ìyá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Obìnrin tó máa ń ka ìṣáná inú páálí kó tó sanwó. Ó yẹ kí ara ti fu mí níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà tutù bí inú kànga, gíláàsì lọ́tùn-ún, gíláàsì lósì, àga tí wọ́n fún mi sì ń mì, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn ò kàn án. Mo ní bí wọ́n bá lè fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ àga, kí ni wọn ò lè ṣe? Ọmọbìnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn ló dá wa lóhùn. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ìyẹn náà ò jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ gbé ewúrẹ́ máa ń kọ́kọ́ fi ewé lọ̀ ọ́. Mo ní kó sọ ẹni tó ń jẹ owó mi fún mi.

Ó tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ pọ ìwé jáde títí ó fi kan ilẹ̀, ó wá mú bírò pupa, ó ń fi fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ó ní mò ń san owó sinimá. Sinimá wo? Ó ní èyí tí mo lè máa wò lórí fóònù. Mi ò wo ọ̀kankan rí. Ó ní mò ń san owó dátà tó tó ilé ìwé kan lò. Ó ní mo tún ń san owó nítorí bí fóònù bá bọ́ sómi. Mo ní ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ mi lórí pé fóònù lè bọ́ sómi, mo fẹ́ mọ ibi tó máa ń dúró sí tí mo bá wà létí kànga. Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó wá ní gbogbo ìyẹn kéré. Ó ní èyí tó ń gbé owó náà sókè ni ìpè sí òkè òkun. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, Ọjọ́rú àti Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo máa ń wà ní àtíbàbà iṣẹ́ mi lẹ́yìnkùlé, ogójì ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn wákàtí kan. Mo ní mi ò ní ẹnikẹ́ni lókè òkun. Ìwọ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi mí sílẹ̀ láàárín ogójì ilẹ̀kùn ilé ìwé, tó ju ayùn sílẹ̀, tó gba òkè òkun lọ láìdágbére, ọdún mẹ́fà rèé, ọmọ kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ pé mo bí.

Ìyá rẹ ní ká máa lọ sílé. Mo ní ó tì, òní ni màá mú olè mi. Mo tẹ nọ́ńbà náà lórí fóònù fúnra mi, mo ní kí ọmọbìnrin yẹn bá mi ṣe é kí ohùn rẹ̀ jáde síta, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn ọkùnrin kan ní, màámi, àná la mà jọ sọ̀rọ̀, ṣé kò sí o, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe bàámi?

Ohùn náà ti nípọn sí i, àmọ́ èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Mo wo ìyá rẹ. Ilẹ̀ ló ń wò, ó ń ká etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ìka. Mo fẹ́ tẹ bọ́tìnì pupa, ọmọ mi, àtàǹpàkò mi ti wà lórí ẹ̀, ni ikọ́ bá gbé mi. Ó mọ ikọ́ mi. Ó ní, ẹ káàsán sà. Mi ò mọ ohun tí bàbá máa ń sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, mo bá sọ èyí tó wà lẹ́nu mi, mo ní, ṣé ìwọ lò ń jẹ owó pákó mi látọjọ́ yìí? Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà já láàárín, mo wá gbọ́ tó ń fa imú. Ó ní ilẹ̀kùn lòun ń ṣe jẹun lọ́hùn-ún. Ó ní òun ò rí ilẹ̀kùn kàn kí ogójì yẹn má wá sọ́kàn òun. Mo ní mo dá ṣe wọ́n tán, kò sí èyí tó wọ́.

Ọmọbìnrin yẹn rọra tẹ̀ sí mi létí, ó ní ìṣẹ́jú ń lọ o, pé bí mo bá fẹ́, òun lè ti ọ̀nà òkè òkun pa, owó náà á já sí pákó kan àbọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá rẹ gbójú sókè. Mo ní kó yọ sinimá, kó yọ ti omi, kó dín dátà kù. Kó fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ètò kan wà, ìdajì owó pákó kan lóṣù, téèyàn á fi máa bá òkè òkun sọ̀rọ̀ tẹ́rùn. Mo ní ó ti wà tipẹ́? Ó ní ó ti wà tipẹ́. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ? Ó ní ẹnikẹ́ni ò bèèrè. O gbọ́ bí? Ni mo bá dìde, mo ní mò ń lọ bá ilé iṣẹ́ fóònù mìíràn tó wà ní òdìkejì títì, kíá ló tún gé díẹ̀ kúrò. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ kó sì buwọ́ lù ú, nítorí owó tó tètè ń wálẹ̀ báyẹn, kò jókòó re níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò tó pákó méjì mọ́ báyìí.

Ìyá rẹ ní ìwọ lo fún òun ní nọ́ńbà náà. Ẹjọ́ tìrẹ ṣì wà nílẹ̀. Mo ti yọ páànù ara ògiri, àmọ́ mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, mo ṣì ń ṣọ́ ọ. Ní Sátidé, mo ní èmi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ o, mo kàn ní kí ìyá rẹ gbé àga mi sún mọ́ fóònù, kí n lè máa ka ìṣẹ́jú, kí wọ́n má yàn wá jẹ.

Nǹkan kan ló kù. Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ léèrè nípa irin iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ìfági tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún kì í mú. Mi ò gbà á gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kò dáa, àmọ́ mo ti pọ́n èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́, mo ti fi àpò wé e. Wọ́n ní owó tí wọ́n máa fi gbé e dé òkè òkun pọ̀. Bá mi fi owó náà ránṣẹ́, kí o fi díẹ̀ lé e fún oògùn orúnkún ìyá rẹ. Tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá bèèrè, kí o sọ pé ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́.

Ọwọ́ rẹ ò ní gbófo. Ẹni tó o bá pè yóò máa jẹ́ ọ, ẹni tó bá pè ọ́ yóò máa bá ọ láyọ̀. Ọlọ́run yóò kó gbogbo àwọn ọmọ mi jọ lójú mi, ẹ̀yin méjèèjì.

Èmi ni bàbá yín.