Wọ́n Sọ Orúkọ Mi Di Kọ́ńpìnnì

Òkè-Àjé, lọ́nà Ìṣẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, 1986.

Adégbóyèga, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí Èkó tó gbà yín sílé. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀. Ara mi le, uṣu sì ta dáadáa lọ́dún yìí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní "iṣu" ni kí n máa kọ, ṣùgbọ́n uṣu ni mo gbìn.

Bọ́lárìnwá àbúrò mi ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú mi. Ṣé o mọ̀ pé òun ni akọ̀wé àgbà tó ń pín kọ́ńtíráàtì ní káńsù? Lọ́dún tó kọjá ó wá sọ fún mi pé òun ti fi orúkọ mi dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, Mojírádé àti Àwọn Ọmọ, pé èmi ni dáírẹ́kítọ̀. Mo ní kí ni dáírẹ́kítọ̀ ń ṣe, ó ní kì í ṣe nǹkan kan, kí n ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo se ẹran ìgbẹ́ de Kọ́ńpìnnì yìí kí n lè mọ̀ ọ́n, kò yọjú.

Kọ́ńpìnnì yìí kan náà ni káńsù gbé iṣẹ́ òrùlé ilé ìgbẹ̀bí wa fún. Nígbà tí wọ́n kàn án tán, inú mi dùn, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúpẹ́ pé àbúrò mi fi orúkọ mi bo àwọn aboyún lórí. Gbogbo ìjọ ń ké alelúyà, Bọ́lárìnwá nìkan ló dorí kodò. Mo rò pé ó ń gbàdúrà ni.

Òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ìjì ká òrùlé náà bí ewé. Deborah ìyàwó Rẹ̀mí ń rọbí lọ́wọ́ lábẹ́ rẹ̀. Inú òjò ló bímọ sí. Ọmọ yè, ṣùgbọ́n igi àjà já lu ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Páànù náà fẹ́lẹ́ bíi bébà. Àwọn obìnrin lọ fẹjọ́ sùn ní káńsù, Bọ́lárìnwá kan náà ni wọ́n darí wọn sí. Ó ní òun yóò bá kọ́ńpìnnì wí!

Ni àwọn ọlọ́pàá bá wá láti Àkúrẹ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ìdúpẹ́ tí mo ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n mú Bọ́lárìnwá lọ. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀, ṣé kò yẹ kó gbéṣẹ́ fún ọmọ ìyá rẹ̀ ni? Ọ̀gá wọn ní ó ní íńtárẹ́ẹ̀sì nínú iṣẹ́ náà ni. Mo ní ẹni tí kò ní íńtárẹ́ẹ̀sì nínú iṣẹ́, ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ nìyẹn? Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní òfin ní ẹni tó ń pín iṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ ẹlòmíràn kó máa pín in fún ara rẹ̀, pé ẹ̀wọ̀n ni, pé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńláńlá náà kò gbọdọ̀ dán irú rẹ̀ wò.

Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ní kóòtù. Lọ́yà Bọ́lárìnwá wá bá mi, ó ní tí mo bá débẹ̀ kí n ní mi ò mọ nǹkan kan. Ṣé mi ò ní mọ orúkọ ara mi ni? Ajíbọ́lá ẹ̀gbọ́n wa ń jágbe mọ́ mi pé a kì í fi ọmọ ìyá ẹni lé ìjọba lọ́wọ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ kí Deborah. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe, ẹsẹ̀ kọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn ti yé mi. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún ara rẹ̀, ta ni yóò bi í bó bá bàjẹ́?

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ẹjọ́ náà. Gbogbo bó ṣe rí ni màá sọ. Tí mo bá sọ ọ́ tán, màá gbé oúnjẹ lọ fún un ní àtìmọ́lé, nítorí ọmú kan náà la jọ mu.

Fi owó mọ́tò mi ránṣẹ́, àti díẹ̀ fún ẹni tó ń to eegun Deborah. Má san án sí báńkì o. Èyí tí o san síbẹ̀ lọ́jọ́sí, owó ẹlòmíràn ni wọ́n kó fún mi, gbogbo rẹ̀ ló ti gbó, mo sì mọ̀ pé o kì í fi owó gbígbó ránṣẹ́. Fi lé awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìṣẹ́ lọ́wọ́.

Ìwọ náà lo ń bá ilé iṣẹ́ yín ra nǹkan. Bí o bá ti fi orúkọ mi dá kọ́ńpìnnì kankan sílẹ̀ lọ́hùn-ún, tètè sọ fún mi kó tó di Ọjọ́bọ̀, nítorí bí adájọ́ bá bi mí, màá dárúkọ ìwọ náà.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní iṣẹ́ tí o lè sọ níwájú ìyá rẹ. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Mojírádé